Linux Wo Ló Yẹ Kọ̀ǹpútà Ṣọ́ọ̀bù Wa?

Àkọsílẹ̀ ohùn mẹ́fà tí wọ́n sọ sórí gúrúùpù, fún ẹ̀yin tẹ́ ò ráyè gbọ́ ọ tàbí tí dátà yín ò gbé e. A ti yọ àsọtúnsọ kúrò. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó bá nílò rẹ̀.

OHÙN KÌÍNÍ



Ìbéèrè kan ń wá ṣáá lórí gúrúùpù yìí. Ẹnì kan á ní, "Kọ̀ǹpútà tí mo fi ń kọ ọjà àti gbèsè ń sọ pé àsìkò Windows òun ti kọjá. Wọ́n ní kí n ra tuntun. Ọmọ kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní kí n gbé Linux sí i. Linux wo? Wọ́n ní ó pọ̀ bí iyanrìn." Ìyẹn ni mo fẹ́ dáhùn lónìí. Màá fà á díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí láyè.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọdún 2015 ni Windows 10 jáde. Ní ọjọ́ 14, oṣù October, ọdún 2025, Microsoft tó ṣe é dáwọ́ àtúnṣe rẹ̀ dúró. Wọ́n fi ọdún kan kún un fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀, títí di October 2026. Kò túmọ̀ sí pé kọ̀ǹpútà yín ò ní tàn mọ́ o. Á tàn, á sì ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí olè bá rí ihò tuntun lára ògiri, kò sí bíríkìlà tó máa wá dí i. Ẹ sì mọ̀ pé bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀.

Windows 11 wá ńkọ́? Ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá kún ojú òṣùwọ̀n lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ń béèrè RAM 4GB ó kéré tán, ó ń béèrè ohun ààbò kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, ó sì ń béèrè processor tí kò gbó. Tó bá jẹ́ ti Intel, láti ìran kẹjọ lọ sókè ni wọ́n sábà máa ń gbà, ìyẹn àwọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 2017. Ọ̀pọ̀ tokunbọ̀ tó wà lórí tábìlì wa, ìran kẹta, ìkẹrin, ìkẹfà ni. Ara wọn le koko, irin wọn dára ju tuntun mìíràn lọ, ṣùgbọ́n Windows 11 ò gbà wọ́n.

Ọ̀nà mẹ́ta ló kù. Kí ẹ ra tuntun, kí ẹ máa fi ògiri lílanu náwó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tàbí kí ẹ gbé Linux wọ èyí tẹ́ ẹ ní. Owó tẹ́ ẹ fẹ́ fi ra kọ̀ǹpútà lè gbé ọjà wọlé. Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ṣe pàtàkì nìyẹn.

OHÙN KEJÌ

Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí yìí, torí ibẹ̀ ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú.

Linux dà bí àgbàdo. Ẹnì kan mú àgbàdo, ó fi se ẹ̀kọ. Ẹlòmíràn fi ṣe àádùn. Ẹlòmíràn se é ní ẹ̀gbo. Àwọn Hausa tí a ń bá gbé ní Kano fi ro tuwo. Àgbàdo kan náà ni o, ṣùgbọ́n ẹ ò ní fún ọmọ tí eyín rẹ̀ ò tíì hù ní gúgúrú. Oríṣiríṣi oúnjẹ yẹn ni wọ́n ń pè ní distribution. Àwọn ọmọ wa máa ń gé e kúrú sí distro. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé "Linux le", ẹ bi í pé èwo ló lò. Ó lè jẹ́ gúgúrú ni wọ́n kọ́kọ́ fún òun.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní yunifásítì Helsinki, ní Finland, tó ń jẹ́ Linus Torvalds, ló gbé àgbàdo yìí jáde ní 1991. Ní 1992 ó fi í sábẹ́ ìwé àṣẹ kan tó sọ pé ẹnikẹ́ni lè lò ó, lè dà á kọ, lè tún un ṣe, lè fún aládùúgbò rẹ̀, bí kò bá ṣáà ti fi àǹfààní yẹn du ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí tó fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹnikẹ́ni má se tirẹ̀.

Nínú gbogbo wọn, ìdílé kan wà tó yẹ ká mọ̀. Debian ni bàbá àgbà, 1993 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ubuntu jáde lára Debian ní 2004. Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, ló dá a sílẹ̀. Linux Mint jáde lára Ubuntu ní 2006. Clement Lefebvre ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Kí ni ìwúlò ìtàn yìí fún oníṣòwò? Òun ni pé ohun tí wọ́n bá ṣe fún Ubuntu máa ń ṣiṣẹ́ lórí Mint lọ́pọ̀ ìgbà. Bí ẹ bá béèrè ìrànlọ́wọ́ lórí ọ̀kan, ìdáhùn ti èkejì lè bá yín mu. Ẹni tó bá mú èyí tí ò ní ìdílé ńlá, òun nìkan ni yóò máa wá ojútùú ìṣòro rẹ̀ kiri.

OHÙN KẸTA

Kí ẹ tó dárúkọ distro kankan, ẹ mú ìwé àti bírò. Ìbéèrè mẹ́rin ni.

Èkíní: báwo ni RAM kọ̀ǹpútà yín ṣe tó? Lórí Windows, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún mouse tẹ Start, ẹ mú System, ẹ ó rí "Installed RAM". Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ì báà ṣe 2, 4 tàbí 8. Ẹ tún béèrè bóyá disk inú rẹ̀ jẹ́ HDD àtijọ́ tàbí SSD. Bí ẹ bá ní owó ohun kan ṣoṣo láti fi tọ́jú kọ̀ǹpútà tó ń fà bí ìgbín, ẹ fi ra SSD. Ẹ ó rí ìyàtọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Èkejì: iṣẹ́ wo gan-an lẹ fi ń ṣe? Tó bá jẹ́ WhatsApp Web, ímeèlì, ìkànnì báńkì, kíkọ lẹ́tà, àti ìṣirò bíi ti Excel, Linux á ṣe gbogbo rẹ̀. Firefox ti máa ń wà níbẹ̀. LibreOffice tó ń ṣí fáìlì Word àti Excel náà sábà máa ń wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ QuickBooks ti desktop, tàbí CorelDRAW, tàbí Photoshop, kò sí ti Linux lónìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe ìwé ìpè àti kàlẹ́ńdà, ẹ gbọ́ o. Ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní Wine tó lè mú ètò Windows kan ṣiṣẹ́ lórí Linux, ṣùgbọ́n èmi ò ní gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ gbé owó ṣọ́ọ̀bù lé e lórí.

Ẹ̀kẹta: kí ló so mọ́ kọ̀ǹpútà náà? Printer, ẹ̀rọ tó ń tẹ rìsíìtì, scanner. Printer HP máa ń bá Linux ṣe dáadáa lọ́pọ̀ ìgbà. Àwọn Canon kan nílò kí ẹ lọ gba driver wọn fúnra yín. Ẹ̀rọ rìsíìtì yàtọ̀ síra: òmíràn á tẹ̀ kíá, òmíràn á ya alágídí. Ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn wọn sílẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, èyí tí àwọn èèyàn kì í béèrè rárá: ta ló máa ràn mí lọ́wọ́ bó bá di àárọ̀ Sátidé, tí oníbàárà mẹ́fà dúró, tí ẹ̀rọ ò tẹ rìsíìtì? Ta ló wà nítòsí mi tó mọ èyí tí mo fẹ́ mú? Mò ń padà bọ̀ sórí ìyẹn.

OHÙN KẸRIN

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dárúkọ wọn.

Linux Mint. Òun ni mo máa mú fún ọ̀pọ̀ nínú wa. Ìdí ni pé ojú rẹ̀ jọ ohun tí ọwọ́ wa ti mọ̀: bọ́tìnì kan wà nísàlẹ̀ lápá òsì, ẹ tẹ̀ ẹ́, gbogbo ètò jáde. Aago wà lápá ọ̀tún. Ọmọ ṣọ́ọ̀bù tó ti lo Windows kò ní sọnù níbẹ̀. Ó ní ojú mẹ́ta. Cinnamon ló lẹ́wà jù. Bí RAM yín bá jẹ́ 8GB, ẹ mú un. Xfce ló fúyẹ́ jù. Bó bá jẹ́ 4GB, òun ni kẹ́ ẹ mú. MATE wà láàárín. Àwọn tó ṣe é ní 2GB ni ó kéré tán, ṣùgbọ́n 4GB ni ara á fi rọ ẹ̀rọ. Mint 22 jáde ní 2024, ìtọ́jú rẹ̀ á dé 2029. Ẹ ẹ̀ ní máa tún un gbé lọ́dọọdún.

Ubuntu. Òun ló lókìkí jù, òun ni ìwé àlàyé rẹ̀ pọ̀ jù. Ojú rẹ̀ yàtọ̀ sí Windows. Àwọn àmì ètò tò sí ẹ̀gbẹ́ òsì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọ̀dọ́ máa ń fẹ́ràn ẹ̀, ó sì máa ń fẹ́ ẹ̀rọ tó lágbára díẹ̀. Bí ẹ bá mú un, èyí tí wọ́n kọ LTS sí lára ni kẹ́ ẹ mú. Ọdún méjì méjì ni LTS ń jáde, ọdún márùn-ún ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀. Èyí tí kò ní LTS, oṣù mẹ́sàn-án péré ni. Oníṣòwò wo ló fẹ́ máa tún ilé kọ́ ní oṣù mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án?

Zorin OS. Àwọn ará Ireland ló ń ṣe é, inú ìdílé Ubuntu ló wà. Wọ́n ṣe ojú rẹ̀ kó jọ Windows pátápátá. Èyí tí wọ́n ń pè ní Pro, owó ni; Core jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì tó fún iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù.

Lubuntu. Fún àgbàlagbà kọ̀ǹpútà tí RAM rẹ̀ kéré gan-an. Á tàn kíá. Ṣùgbọ́n ẹ má tan ara yín: bí RAM bá jẹ́ 2GB, íńtánẹ́ẹ̀tì ló máa pa á lára. Ẹ ṣí WhatsApp Web, ẹ ṣí báńkì, á bẹ̀rẹ̀ sí í mí fúúfúú. Bí ẹ bá lè fi RAM kún un, ẹ fi kún un.

Èyí tẹ́ ẹ máa yàgò fún ńkọ́? Kali. Àwọn ọmọ wa máa ń fẹ́ràn orúkọ ẹ̀. Irinṣẹ́ àwọn tó ń dán ààbò kọ̀ǹpútà wò ni, kì í ṣe ti ìwé gbèsè. Arch náà dára, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fi ọwọ́ ara ẹ̀ to gbogbo nǹkan ni wọ́n ṣe é fún. Fedora lágbára, kò sì nira, àmọ́ bí oṣù mẹ́tàlá ni ìtọ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ó máa pààrọ̀ rẹ̀ lemọ́lemọ́.

OHÙN KARÙN-ÚN

Báyìí, báwo la ṣe ń ṣe é? Ohun tó dùn nínú Linux ni pé ẹ lè tọ́ ọ wò kẹ́ ẹ tó rà á, bí ìgbà téèyàn ń tọ́ epo pupa wò lọ́jà, kó tó dà á sínú kẹ́ẹ̀gì.

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́: ẹ kó gbogbo fáìlì yín sórí fíláàṣì tàbí disk mìíràn. Ìwé gbèsè, orúkọ oníbàárà, àwòrán ọjà, ohun gbogbo. Kì í ṣe ẹyọ kan o, ẹ ṣe é méjì. Ẹ gbé ọ̀kan lọ sílé. Ẹ tún gbé fíláàṣì náà sí kọ̀ǹpútà mìíràn kẹ́ ẹ rí i pé ó ṣí. Ẹni tó jẹ yín lówó kò ní pè yín wá rán yín létí. Bí ìwé yẹn bá lọ, owó yẹn lọ nìyẹn. Bí ẹ ò bá tíì ṣe èyí, ẹ má gbọ́ ìyókù ọ̀rọ̀ mi.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ gba fáìlì Mint láti ìkànnì Linux Mint gan-an. Ó tó bíi 3GB. Ẹ má gbà á níbikíbi tẹ́ ẹ bá ti rí i. Ní oṣù February 2016, olè wọ ìkànnì Mint pàápàá, wọ́n sì darí àwọn èèyàn fún ọjọ́ kan síbi fáìlì kan tó ní ọ̀nà ẹ̀bùrú nínú. Àwọn tó ni Mint tètè rí i, wọ́n sì kéde. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà gígùn kan fi máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáìlì, tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ẹ ní kí ẹni tó ń bá yín ṣe é yẹ̀ ẹ́ wò. Kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ lo Rufus tàbí balenaEtcher láti gbé e sórí fíláàṣì 8GB. Ohun tó wà lórí fíláàṣì yẹn tẹ́lẹ̀ á parẹ́, ẹ má lo èyí tẹ́ ẹ kó ìwé gbèsè sí o! Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ fi fíláàṣì sí i, ẹ tàn án, ẹ sì máa tẹ F12 bó bá jẹ́ Dell tàbí Lenovo, F9 bó bá jẹ́ HP. Ẹ mú fíláàṣì náà. Mint á ṣí láìfọwọ́ kan Windows yín.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ lo odindi ìrọ̀lẹ́ kan lórí ẹ̀. Ẹ so printer mọ́ ọn, ẹ tẹ ìwé kan. Ẹ tẹ rìsíìtì kan. Ẹ ṣí ìwé Excel yín, ẹ wò ó bóyá ìṣirò rẹ̀ pé. Ẹ wọ ìkànnì báńkì. Bí Wi-Fi ò bá ṣiṣẹ́, ẹ fi okùn USB so fóònù Android yín mọ́ ọn, ẹ tan USB tethering, ẹ ó rí íńtánẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn náà Driver Manager inú Mint lè wá driver Wi-Fi náà. Bí ó bá lọ́ra díẹ̀, ara fíláàṣì ló ti ń ṣiṣẹ́, ẹ má bínú sí i. Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá sì fi pamọ́ sínú ẹ̀ nígbà yìí á parẹ́ bí ẹ bá pa á.

Bí gbogbo rẹ̀ bá lọ dáadáa, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ tẹ "Install". Ibì kan ṣoṣo ló léwu. Á bi yín bóyá kó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Windows, ìyẹn "alongside", tàbí kó nu gbogbo disk, ìyẹn "Erase disk". Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ rí i pé iná inverter tàbí jẹnẹrétọ̀ ló wà lórí ẹ̀, kí NEPA má lọ mú u lágbede méjì.

OHÙN KẸFÀ

Mo rí ìbéèrè yín, ẹ jẹ́ kí n dáhùn díẹ̀ kí n tó lọ ṣí ìsọ̀.

Ìyá wa kan béèrè pé ṣé virus ò ní wọ̀ ọ́. Ìyá wa, èyí tó pọ̀ jù nínú virus Windows kò lè ṣiṣẹ́ lórí Linux. Àmọ́ ẹni tó bá pè yín lórí fóònù pé òun ń pè láti báńkì, kí ẹ ka nọ́ńbà OTP fún òun, kò bìkítà nípa Linux. Ètò tuntun, inú Software Manager ni kẹ́ ẹ ti máa gbà á. Bó bá ní àtúnṣe ti dé, ẹ jẹ́ kó ṣe é.

Ẹ̀gbọ́n wa ní Jos ní òun ò lè fi QuickBooks sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi í sílẹ̀. Ẹ gbé Mint sí ẹ̀gbẹ́ Windows bí àyè bá wà lórí disk. Ẹ máa fi Windows ṣe QuickBooks láìso íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn, kẹ́ ẹ fi Mint ṣe báńkì àti WhatsApp. Bí ìyẹn bá nira fún yín, ẹ fi owó ra èyí tó gba Windows 11. Linux kì í ṣe ẹ̀sìn.

Àbúrò mi kan ní Timeshift tó wà nínú Mint á máa tọ́jú fáìlì òun. Rárá o. Timeshift ń tọ́jú ètò kọ̀ǹpútà, kó lè padà sí bó ṣe wà lánàá bí nǹkan bá bàjẹ́. Ìwé gbèsè yín kò sí nínú ẹ̀, àyàfi tẹ́ ẹ bá sọ pé kó kó o. Ẹ máa kó o sórí fíláàṣì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ẹnì kan béèrè pé ṣé a lè fi kọ Yorùbá tó ní àmì. Bẹ́ẹ̀ ni. Nínú ètò keyboard rẹ̀, ẹ wá Nigeria, ẹ ó rí Yorùbá níbẹ̀, Hausa àti Igbo náà wà níbẹ̀.

Mo ní mò ń padà bọ̀ sórí ìbéèrè kẹrin. Ẹ̀yin ará ilé, Mint, Ubuntu àti Zorin sún mọ́ra. Bí ẹ bá mú èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ ò ṣìnà. Ohun tó máa pinnu bóyá ẹ máa gbádùn ẹ̀ ni bóyá ẹlòmíràn wà ládùúgbò yín tó ń lo ọ̀kan náà. Nítorí náà, kí àwọn tó wà nílùú kan náà fẹnu kò sórí ẹyọ kan. Kí ẹnì kan fi dátà rẹ̀ gba 3GB yẹn lẹ́ẹ̀kan, kí gbogbo yín dà á kọ sórí fíláàṣì. Ìwé àṣẹ rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀, kì í ṣe jíjí. Ẹni tó bá rí ojútùú printer, kó sọ ọ́ síbí, kó dárúkọ printer náà, kí ẹni tó ní irú ẹ̀ má bàa jìyà. Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí.

Bí mo bá tún ní láti mú un kúrú: RAM 8GB, Mint Cinnamon. RAM 4GB, Mint Xfce. Ètò tí ò sí lórí Linux, ẹ má kúrò lórí Windows pátápátá. Kí ẹnikẹ́ni tó tẹ Install, kó kó ìwé gbèsè rẹ̀ sí ibi méjì.

Ọjà á tà o. Ire ni fún gbogbo wa.